Ẹlẹ́sẹ̀ Búrẹ́dì

Ọdún mọ́kànlá ni Macaria fi wọ bàtà. Bàtà dúdú ni, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, èyí tí señora, ìyá ilé tó ń bá ṣiṣẹ́ ní ìlú Chihuahua, rà fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, nítorí pé señora náà ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ onítáìsì rẹ̀. Àárọ̀ ló máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ilẹ̀ á ṣú kó tó bọ́ ọ. Nígbà tó fi máa padà sí Sewárachi, abúlé rẹ̀, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fún mọ́ra wọn bí èrò inú ọkọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti funfun, ó ti rọ̀. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò wò ó, wọ́n ní ẹsẹ̀ búrẹ́dì nìyí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di orúkọ: Ẹlẹ́sẹ̀ Búrẹ́dì.

Ìyẹn ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín.

Jacinta lọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí igi wó pa bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń gégi, tí òjò ò sì rọ̀ lọ́dún yẹn, tí àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Macaria gbé e fún Nicolasa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Nítorí ọmọ yìí ni mo ṣe ń lọ," ó sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú. Ó ní ọdún kan péré ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọdún kan ṣe máa ń rí lẹ́nu ẹni tó ń lọ. Ó fi oúnjẹ ránṣẹ́, ó fi òògùn ránṣẹ́, nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́wàá, ó fi aṣọ pupa olódòdó funfun ránṣẹ́, èyí tó tó rán yẹ̀rì odindi. Ara rẹ̀ nìkan ni kò fi ránṣẹ́.

Nígbà tó wá dé, ó kọ́ ilé kékeré kan sí òdìkejì ìṣàn omi tó kọjú sí ilé Nicolasa, ó sì tẹ́ ẹní méjì síbẹ̀. Ẹní kejì ò rí ẹni sùn lé e. Jacinta a máa wá kí i láràárọ̀, kò ṣe àìgbọ́ràn rí, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Macaria." Àǹtí. Nicolasa ló ń pè ní Màmá. Aṣọ pupa náà sì wà lórí àjà Nicolasa, wọ́n ká a sí mẹ́rin, ọdún márùn-ún rèé, wọn ò fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

"Kí ló dé tí o ò rán aṣọ rẹ?" Macaria bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò tíì tó àsìkò, Àǹtí."

Macaria mú ọ̀rọ̀ yẹn sínú, ó ń jẹ ẹ́ lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tọ Cleofas lọ. Cleofas ni aṣáájú eré fún àwa ará òkè odò. Òun ló ń yan àwọn obìnrin tó máa sáré òrùka pẹ̀lú ará ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn ìkórè, òun náà ló sì ń gba ohun tí kálukú bá fi ta tẹ́tẹ́.

"Mo fẹ́ sáré lọ́dún yìí."

Cleofas wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Macaria, ẹsẹ̀ lásán la fi ń sá a o. Àwọn ará ìsàlẹ̀ lè wọ sálúbàtà táyà tó bá wù wọ́n. Ìyẹn ò sí níbí."

"Mi ò gbàgbé."

"Eré tó máa bẹ̀rẹ̀ ní ìyálẹ̀ta, tí oòrùn á máa wọ̀ kó tó tán?"

"Ta ló jẹ ẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé ọdún tí mo bí Jacinta?"

"Ìwọ ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ ìgbà yẹn ti lọ sí Chihuahua, kò tíì dé." Inú òun fúnra rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Oṣù mẹ́rin ló kù," Macaria wí. "Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí o wá wò mí. Tí mi ò bá lè sá lọ sá bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti pápá ṣọ́ọ̀ṣì dé àpáta, mú ẹlòmíràn."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́ fún Cleofas. Ó gbà pé tí Jacinta bá rí i tí òun sá eré yẹn dé òpin, láàárín gbogbo èèyàn, ọmọ náà á mọ̀ pé òun ti padà wá, pé òun ò tún lọ mọ́, ẹní kejì á sì rí ẹni sùn lé e. Gbogbo ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bọ́ bàtà, ó sá láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé odò, ó sì sá padà gun òkè. Ìgbéraga ló gbé e sá o, kì í ṣe ẹsẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ó ń rìn. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ló tún kù.

Ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbà. Gìgísẹ̀ ò lè kan ilẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn kókósẹ̀ ti sún kì, ó le bí okùn tí wọ́n rẹ sómi tí oòrùn wá gbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ sì gan pa láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka. Ó di ògiri mú, ó fi orí ọmọ ìka rìn dé ìdí iná. Nígbà tó jókòó síbẹ̀, kò lè dìde mọ́ títí oòrùn fi wọlé wá bá a. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni kò fi lè sáré.

Nicolasa gbé omi tó fi ewé kédárì sè wá, ó gbé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lé itan, ó ń fi ọwọ́ líle ra á. Obìnrin tó máa ń bínú ni Nicolasa, kódà nígbà tó bá ń ṣoore.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ọ́. Ọdún mọ́kànlá lo fi tì í mọ́lé, o wá ní kó sáré dé odò lọ́jọ́ kan. Ọmọ tuntun lẹsẹ̀ yìí. Rìn ná. Máa fi ẹsẹ̀ lásán pọnmi, máa fi da ewúrẹ́. Tó bá ṣe oṣù kan, kí o máa sáré díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan o sáré, ọjọ́ kejì o sinmi. Àbí o tún ń sá lọ síbì kan ni?"

Wọ́n jọ mọ ohun tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ń sọ.

Ó ṣe bí Nicolasa ti wí. Ó rìn fún oṣù kan lórí òkúta àti ẹ̀gún páìnì. Ní oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré kékeré, láti ìṣàn omi dé ibi ọgbà ewúrẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ léròrò, ó bẹ́, ó wá yi. Àmọ́ gígan ẹsẹ̀ láràárọ̀ ò lọ. Láràárọ̀ ni ó máa ń na ọwọ́ sí ògiri kó tó dìde. Tó bá ti sáré díẹ̀ tí ara gbóná, iṣan á tú, á dà bíi pé kò sí nǹkan kan rí. Tó bá jókòó péré, ó ti dé padà. Ó wá ń bá ẹsẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń kanra. Ó máa ń fi ọ̀rá ewúrẹ́ pa á, á dì í mọ́ aṣọ gbígbóná, á ní, "Jọ̀ọ́, oṣù méjì ló kù."

Lọ́jọ́ kan tó ń sáré bọ̀, Jacinta wà lẹ́bàá ọgbà pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ Nicolasa. Macaria ti fẹ́ kọjá, kò fẹ́ kí ọmọ náà rí bó ṣe ń mí.

"Àǹtí, gìgísẹ̀ lẹ fi ń gbá ilẹ̀."

Macaria dúró. "Kí lo wí?"

"Bí ẹni tó wọ bàtà lẹ ṣe ń sáré. Ẹ jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, kí gìgísẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ má na ẹsẹ̀ jìnnà. Kúkúrú, kúkúrú." Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn án, ẹsẹ̀ tó fẹ̀, tó dúdú, tí ọmọ ìka rẹ̀ tú ká bí ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, bíi pé òun kọ́ ló sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Macaria gbé sùn lálẹ́. Àṣé ọmọ náà ń wo òun. Láti ọjọ́ náà, kúkúrú kúkúrú ló ń gbé ẹsẹ̀, ìyẹn ló sì yọ ọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Cleofas wá, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò ó bó ṣe sá dé àpáta tó sì padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò fi í ṣẹ̀sín lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn ní, "Wá ohun tí o máa fi ta tẹ́tẹ́ fún ara rẹ. Ẹni tó ń sáré tí kò ta nǹkan kan, a jẹ́ pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́."

Macaria ní ìborùn aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti ìyá wọn. Ìyẹn ló mú wá.

Bí tẹ́tẹ́ wa ṣe rí nìyí: ohunkóhun tí ará òkè bá mú wá, a ó so ó mọ́ ohun tí ará ìsàlẹ̀ mú wá tó bá a dọ́gba, kúbùsù mọ́ kúbùsù, aṣọ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn eré, ìdì náà odindi á bá ẹni tó jẹ lọ. Cleofas kì í kọ nǹkan sílẹ̀, orí ló fi ń rántí ohun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kálukú a sì máa ta fún ibi tó ti wá, àfi ẹni tí bàbá rẹ̀ wá láti ìhà kan, tí ìyá rẹ̀ wá láti ìhà kejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yàn. Bàbá Jacinta, ará ìsàlẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ eré, wọ́n to òkúta méjìlá sílẹ̀ lórí pápá ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin mẹ́rin láti òkè, mẹ́rin láti ìsàlẹ̀. Kálukú mú ọ̀pá rẹ̀ tó tẹ̀ lórí, òrùka méjì tí wọ́n fi aṣọ wé, ọ̀kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan, sì wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀pá ni wọ́n máa fi gbé e sọ síwájú, kí wọ́n sáré bá a, kí wọ́n tún sọ ọ́. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kàn án. Patrocinio bàbá arúgbó, tó ti fi ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní ta fún òkè, sún mọ́ Macaria.

"Ẹlẹ́sẹ̀ Búrẹ́dì, ewúrẹ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Búrẹ́dì yẹn ti le báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní máa ka òkúta fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òkúta kẹrin, òrùka bọ́ sínú pàlàpálá àpáta, ọ̀kan nínú àwọn tiwa ṣubú níbi tó ti ń yọ ọ́, ó sì jáwọ́. Ní ìkẹfà, iṣan mú ẹlòmíràn ní itan. Ní ìkẹsàn-án, ó ku Macaria àti Eulalia, ọmọ ogún ọdún. Ará ìsàlẹ̀ náà ti ku ẹyọ kan, Ruperta, obìnrin tó ga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, pẹ̀lú sálúbàtà táyà. Eulalia wá bẹ̀rẹ̀ sí bì. Macaria fi ọ̀pá tirẹ̀ gba òrùka náà, ó sì ń bá a lọ, kúkúrú, kúkúrú. Ó ti ń dúró de ẹsẹ̀ kó gan, ẹsẹ̀ ò gan. Ó ń balẹ̀, ó ń gbéra, ó gbóná, ó rọ̀, bíi ti ìgbà tó wà ní ọmọge.

Ní òkúta kọkànlá ó ti fi ọ̀nà tó jìnnà ṣáájú Ruperta. Àwọn èèyàn ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń pariwo, "Weriga! Weriga!", pé kó máa tẹ̀síwájú, kò sì sí ẹni tó pè é ní Búrẹ́dì. Nicolasa dúró níbi òkúta pẹ̀lú igbá pinole, ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan tí wọ́n pò mọ́ omi, ó na án sí i. Níbi tó ti ń mu ún ló ti gbójú sókè, tó rí okùn tí wọ́n kọ́ àwọn ìdì tẹ́tẹ́ sí láàárín igi páìnì méjì. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nǹkan kún un ni, Cleofas ń yí àwọn ìdì náà padà. Ìborùn ìyá rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ pupa olódòdó funfun ni wọ́n so mọ́ ọn.

"Ta ló ni pupa yẹn?"

"Ta ló tún lè ní i?" Nicolasa wí. "Sá lọ jàre, Ruperta ń bọ̀."

Ó sá lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Ọmọ òun ta òun. Ó mú ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ohun tí òun fún un, ó lọ fi ta fún ìhà bàbá rẹ̀, pé òun ò ní lè parí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, ìbínú sì jẹ́ kó yára sí i. Ó sọ òrùka jìnnà débi pé àwọn tó ń wòran ṣe hà. Nígbà tó wá sún mọ́ àpáta, ìbínú ti ń rẹlẹ̀, ìrònú mìíràn sì ń dìde. Tí òun bá jẹ, ìdì náà á bá òun lọ. Òun á gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ Jacinta, bí òun ṣe gba ara òun lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí. Wọn kì í dá ohun tí wọ́n jẹ padà, ìwọ̀sí ni. Ọmọ náà ò ní wo ojú òun mọ́ láyé. Tí òun bá pàdánù ńkọ́? Jacinta á mú aṣọ rẹ̀, á mú ìborùn ìyá-ìyá rẹ̀ lé e. Á rẹ́rìn-ín. Òun ṣáà ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀rín kan.

Ó yí àpáta po. Àbọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ó sáré dé ìdajì ọ̀nà, ó wò yíká, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú.

"Ó ti gan!" ẹnì kan kígbe. Wọ́n sáré wá, wọ́n ń ra á, wọ́n ń fa ọmọ ìka rẹ̀. Macaria di ojú, ó ń kérora, kò sì sí ohunkóhun tó ń ṣe ẹsẹ̀ náà. Ruperta kọjá. Ìró sálúbàtà táyà rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, títí ariwo fi sọ lọ́hùn-ún láàárín ará ìsàlẹ̀. Patrocinio dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, kò bínú, ó kàn ní, "Ó ṣe, ọmọ mi. Bàtà ló bà ọ́ jẹ́." Ó lọ fa ewúrẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó jẹ ẹ́.

Ilé ni Macaria wà nígbà tí Jacinta dé, oòrùn ò tíì wọ̀ tán. Ọmọ náà gbé ìdì náà lọ́wọ́, kò tíì tú u. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wọlé. Ó wo ẹní méjèèjì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí."

"O jẹ," Macaria wí, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Aṣọ rẹ ṣì jẹ́ tìẹ. Inú mi dùn sí i."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ jẹ?"

Macaria wò ó.

"Èmi ni mo bẹ Cleofas kó so ó mọ́ tiyín," Jacinta wí. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Mo ní tí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé òpin, aṣọ yìí á bá yín wá síbí, èmi náà á tẹ̀lé aṣọ mi. A jọ máa rán an. Mo ti di ẹrù mi. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá, ẹ lè lọ wò ó."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ rí i bóyá nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe dé òpin."

Ó yẹ kí Macaria dákẹ́. Ẹsẹ̀ tó gan, ọmọ lè dárí jì í. Àmọ́ kò lè gba kí ọmọ náà lọ pẹ̀lú ìrònú yẹn. "Jacinta, ẹsẹ̀ mi ò gan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jókòó ni. Mo rí aṣọ rẹ lórí okùn, mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nítorí tìẹ ni mo ṣe dúró."

Ọmọ náà ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti yi, tó ti ṣú, tí ọmọ ìka rẹ̀ ti ń tú ká.

"Nítorí tèmi," ó wí. "Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí ẹ lọ náà nìyẹn. Mo kéré, àmọ́ mo gbọ́."

Ó jáde. Ó mú ìdì náà dání, aṣọ àti ìborùn, nítorí wọn kì í dá ohun tí wọ́n jẹ padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Macaria na ọwọ́ sí ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó ń wo Nicolasa lódìkejì ìṣàn omi, tó ń da ẹran jáde pẹ̀lú ìborùn ìyá wọn lọ́rùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti dìde dúró. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kan ilẹ̀. Ó jókòó, ó tún dìde. Ó rìn dé ìdí iná, ó rìn padà, ó rékọjá lórí ẹní tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí. Ó dúró, ó ń retí kí ẹsẹ̀ gan, ẹsẹ̀ ò gan mọ́.